Tíì Dúdú Ni Tọmọ

Mò ń dúró kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí silẹ̀ nínú ife nígbà tí fóònù dún nínú báàgì.

Inú ọkọ̀ ojú irin la wà, èmi àti Mísíìsì Gíréè, ìyá arúgbó Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń bá ṣiṣẹ́. A ti kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù láàárọ̀, à ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn obìnrin ní apá òkè ìlú wọn, níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju ilé lọ. Ife náà wà lórí tábìlì kékeré tó wà níwájú wa. Mo fi ọwọ́ kan dì í mú nítorí ọkọ̀ ń mì, mo gbé ọwọ́ kejì lé orí ọ̀pá tí wọ́n fi ń tẹ asẹ́ inú rẹ̀ wálẹ̀.

Fóònù náà kì í ṣe tèmi. Ọmọ Mísíìsì Gíréè ló rà á fún wọn, wọn ò sì fẹ́ràn rẹ̀, inú báàgì kọfí ni wọ́n máa ń jù ú sí. Wọ́n gbà mí láyè kí n fún Bímpé ní nọ́ńbà rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nìkan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Bímpé, àwa méjèèjì la jọ ń gbé yàrá kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò pè mí lórí rẹ̀ rí. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí, inú mi ti sọ fún mi.

"Bàbá pè láti Ìwó," ó ní. "Ìbùkún ni. Ṣé o jókòó?"

Ìbùkún ni ọmọ mi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí mo fà á lé ìyá mi lọ́wọ́. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rin. Bàbá rẹ̀ ti fẹ́ ẹlòmíràn ní Kàdúná, kò béèrè wa mọ́, nítorí náà kò sí ẹlòmíràn tí wọ́n lè pè.

Bímpé ní wọ́n sọ pé gìrì fẹ́ mú un. Ó ń gbọ̀n, oorun ò kan ojú rẹ̀ mọ́, ohun tó bá jẹ ló ń bì, àyà rẹ̀ sì ń lù kìkì. Bàbá mi ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ìyá mi ní ọsibítù ò mọ gìrì wò, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pe ìyá kan ní Kuta tó máa ń ṣe àgbo gìrì. Ìyá náà ti ń bọ̀ lórí ọ̀kadà. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ra wọn yé, ni wọ́n bá fẹnu kò pé kí èmi tí mo lọmọ sọ èyí tí wọn yóò ṣe. Ilé Bàbá Báńkì ni wọ́n wà, aládùúgbò wa tó ní tẹlifóònù, wọ́n ń dúró dè mí.

Gbogbo wa la mọ àgbo yẹn. Ìtọ̀ màlúù wà nínú rẹ̀, ewé tábà wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n rọ ọ́ fún ọmọ kan ní agboolé tó kọjú sí tiwa. Ọmọ náà sùn. Wọ́n ní ẹ ò rí i pé ó ti sinmi. Kò jí mọ́.

Mi ò mọ ìgbà tí mo fi gbogbo agbára tẹ ọ̀pá ife mọ́lẹ̀. Kọfí gbígbóná tú sókè, ó dà sí mi lọ́wọ́, ó dà sórí ìwé ìròyìn Mísíìsì Gíréè. Mi ò mọ̀ ọ́n lára. Mò ń tẹ fóònù yẹn kí n lè pe Ìwó, obìnrin kan sì ń dá mi lóhùn nínú rẹ̀ pé kò ṣeé ṣe. Ọmọ Mísíìsì Gíréè ti ní kí wọ́n dí i, kó má baà lè pe òkè òkun.

Kí n tó dé ilẹ̀ yìí, mi ò mọ̀ pé kọfí kì í ṣe tíì.

Ní ilé wa ní Ìwó, ohunkóhun tí a bá pò mọ́ omi gbígbóná, tí a da mílíìkì àti ṣúgà sí, tíì ni. Èyí tí wọ́n fi ewé ṣe, tíì ni. Èyí tí wọ́n fi kòkó ṣe, tíì ni. Tíṣà ni bàbá mi ní iléèwé àwọn Onítẹ̀bọmi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìyẹ̀fun dúdú kan sì wà tí wọ́n máa ń mu bí wọ́n bá ń máàkì ìwé ìdánwò. Tíì lòun náà. Bí àlejò bá dé, a ó bi í bóyá ó máa mu tíì. Bó bá gbà, ìgbà yẹn la tó máa bi í pé, tíì wo?

Nítorí náà nígbà tí Mísíìsì Gíréè bi mí bóyá mo mọ kọfí ṣe, ẹ̀rín ló fẹ́ pa mí. Mo ní mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ojú wọn ò ríran tó mọ́, ẹsẹ̀ wọn sì ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í jókòó sójú kan. Lónìí wọ́n wà lọ́dọ̀ ọmọ, lọ́la wọ́n wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, inú ọkọ̀ ojú irin la sì ń wà ṣáá. Wọn ò lè mu kọfí tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀. Wọ́n ní omi ìfọṣọ ni. Iṣẹ́ mi ni láti ru báàgì, láti dì wọ́n lọ́wọ́ mú lórí àtẹ̀gùn, àti láti ṣe kọfí wọn níbikíbi tí a bá wà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bu kọfí sínú ife, mo da omi lé e, mo fi mílíìkì sí i, mo wá kó ṣúgà sí i bí ẹni tó ń ṣàlejò ẹni ńlá. Mo rò ó pọ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Wọ́n mu ún. Mo rí i tí ẹnu wọn ń lọ sókè sódò, wọ́n ń jẹ ẹ́. Wọ́n yọ áńkáṣíìfù, wọ́n tu ú síbẹ̀, wọ́n ní ẹrẹ̀ ni mo gbé fún àwọn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo pè wọ́n ní Màmá. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn ní àwọn kì í ṣe ìyá mi, Mísíìsì Gíréè lorúkọ àwọn. Mo lọ sí ilé ìwẹ̀, mo sunkún. Kì í ṣe pé wọ́n bú mi. Ní Ìwó, èèyàn ò lè ti ẹnu ọ̀nà ilé wa dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kó má tíì kúnlẹ̀ kí Màmá mẹ́ta mẹ́rin lọ́nà. Níbí, ọ̀rọ̀ yẹn wà lẹ́nu mi, mi ò rí ẹni tí n ó pè é fún. Bó bá ti pẹ́ jù, mo máa ń pè é jẹ́ẹ́ bí mo bá ń fọ abọ́, kó má baà sọnù.

Wọ́n kọ́ mi. N ò ní parọ́, wọ́n kọ́ mi dáadáa. Ife náà ga, ó ní ìdérí, ọ̀pá kan gba àárín ìdérí náà kọjá, asẹ́ onírin sì wà nísàlẹ̀ ọ̀pá. Kọfí tí èèyàn máa fi ṣe é gbọ́dọ̀ rí bíi gàrí tó ní hóró, kó má kúnná bí èlùbọ́. Bó bá kúnná, yóò gba inú asẹ́ kọjá sẹ́nu ẹni, tàbí kó dí asẹ́ pátápátá. Omi inú fúláàsì ò gbọdọ̀ máa hó. Èèyàn á kọ́kọ́ da díẹ̀ lé e kí kọfí lè wú, á rò ó, kó tó wá da ìyókù. Kò gbọdọ̀ kún dé ẹnu, nítorí ọkọ̀ lè yà lójijì. Lẹ́yìn náà ni sùúrù. Bó bá wá tó, kí o rọra tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ eéwo ọmọdé. Kí o sì mu ún kíákíá, torí pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wà lábẹ́ asẹ́ ò dẹ́kun iṣẹ́ rẹ̀, bó bá ṣe ń pẹ́ ló ń korò sí i. Inú ọ̀rá ni mo máa ń kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí. Bí èèyàn bá dà á sínú ìfọwọ́ ọkọ̀, yóò dí i, wọn yóò sì wò ó bí ẹran ìgbẹ́.

Ọjọ́ kan ọkọ̀ ń mì bí ajere. Mo ṣe é, Mísíìsì Gíréè mu ún tán láìsọ nǹkan kan, ọkùnrin tó jókòó ní òdìkejì bi wọ́n níbi tí wọ́n ti rà á. Wọ́n fi àgbọ̀n júwe mi. Ayọ̀ ọjọ́ yẹn pọ̀ débi pé mo fi káàdì fóònù mi pe ilé láti sọ fún wọn pé mo ti mọ kọfí ṣe. Ìyá mi ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní tíì ni, tíì dúdú tí wọ́n ń mu níbí. Wọ́n ní ṣé ìyẹn ni mo rìn jìnnà tó báyìí lọ kọ́. Mo gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi lẹ́yìn wọn. Wọ́n gbé fóònù sí Ìbùkún létí gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, kò sì sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe tirẹ̀. Mímí rẹ̀ nìkan ni mo máa ń gbọ́. Mo ti mọ mímí náà dunjú. Mo mọ̀ bó bá ní ọ̀fìnkìn.

Nígbà tí Mísíìsì Gíréè ra ife tuntun, wọ́n fún mi ní èyí àtijọ́ pẹ̀lú agolo kọfí kan, wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ sí bàbá mi. Èèyàn kan láti Olúpọ̀nnà ń lọ sílé, mo bá kó wọn sínú ẹrù tí mo fi rán an, pẹ̀lú bàtà Ìbùkún àti agolo oníkòkó kan tí wọ́n máa ń fún ọmọdé. Mo pe ilé, ẹ̀rọ ń pariwo létí mi, mò ń lọgun pé agolo tíì méjì ló wà nínú ẹrù, ọ̀kan ti Bàbá, ọ̀kan tọmọ. Ìyá mi ní àwọn gbọ́. Wọ́n ṣàdúrà fún mi gan-an.

Mísíìsì Gíréè fi áńkáṣíìfù nu kọfí tó dà sórí tábìlì nínú ọkọ̀. Wọ́n bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo sì sọ fún wọn. Wọn ò sọ pé pẹ̀lẹ́. Wọ́n béèrè pé kí ni ọmọ náà jẹ.

Mo ní wọn ò sọ.

Wọ́n ní kí n béèrè ìyẹn kí n tó béèrè nǹkan mìíràn. Àwọn náà ti tọ́mọ rí. Wọ́n ní a ó sọ̀ kalẹ̀ ní tẹ́ṣàn tó kàn, bí kò tilẹ̀ jẹ́ tiwa.

Tẹ́ṣàn tó kàn ò yá dé. Àgùntàn, odi òkúta, àgùntàn. Kò sí nǹkan tó burú tó kí èèyàn jókòó sínú ohun tó ń sáré, kó sì máa rò ó pé kò kúrò lójú kan. Lọ́kàn mi, ọ̀kadà kan ti kúrò ní Kuta. Mo mọ ọ̀nà yẹn, mo mọ ibi tó ti ní gegele, mo mọ bí eruku rẹ̀ ṣe pupa. Mo rí ìyá náà lẹ́yìn ọlọ́kadà, ó gbé ìgò sí àyà. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí táyà jò. Èmi àti ẹni tí n kò mọ̀ rí jọ ń sáré lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi, òun sì sún mọ́ ọn jù mí lọ.

Bí a ti sọ̀ kalẹ̀, mo sáré wọ inú àgọ́ tẹlifóònù onídígí tó wà ní tẹ́ṣàn, mo fi káàdì mi pe Ìwó. Ìyàwó Bàbá Báńkì ló gbé fóònù. Kò kí mi pẹ́. Ó ní gbogbo wọn wà níbẹ̀, ìyá Kuta náà ti dé. Ìyá mi gba fóònù, mo sì gbọ́ Ìbùkún lẹ́yìn wọn. Ó ń kùn, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ìyá Ìbùkún, àyà ọmọ rẹ ń lù lẹ́yìn mi bí ẹ̀rọ ìlọta. Sọ̀rọ̀, ká mọ èyí tí a ó ṣe."

"Màmá, kí ló jẹ?"

"Kò jẹ nǹkan kan. Tíì rẹ nìkan ló ń mu."

"Tíì wo?"

"Èyí tí o fi ránṣẹ́."

"Èwo nínú méjèèjì, Màmá?"

"Ṣé èmi ni n kò mọ èyí tó dáa? Dúdú ni tọmọ. Èyí tó pupa yẹn, bàbá rẹ ló ń mu ún, omi ṣúgà lásán ni. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí ò tó. Mo ní Ọlọ́run ló rán ìyá rẹ̀. Mò ń sè é kó ki dáadáa, mò ń fi mílíìkì sí i, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. N ò jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ṣòfò, mò ń bù ú mọ́ ọn."

Mo fara ti dígí. Ta ni mo fẹ́ bá wí? Ní ìlú wa, ohun tó bá dúdú ló ń fúnni lẹ́jẹ̀. Ọtí mọ́ọ̀tì tí a ń pò mọ́ mílíìkì fún aláìlẹ́jẹ̀, ó dúdú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ inú ìgò, ó dúdú. Ìyá mi mú èyí tó dára jù lọ nínú ẹrù, wọ́n fún ọmọ.

Mo ní, "Màmá, ẹ má fún un mọ́. Kì í ṣe gìrì. Tíì yẹn ni. Àgbàlagbà ló ń mu ún, ó sì máa ń lé oorun lójú àgbàlagbà gan-an."

Mò ń wo owó káàdì mi tó ń wálẹ̀ lójú ẹ̀rọ.

"Ṣé o ní mo fún ọmọ rẹ ní májèlé mu?"

Ìyá mi kì í ṣe ẹni tí ọmọ ń sọ fún pé ó ṣe àṣìṣe. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn yóò gbé fóònù sílẹ̀, wọn yóò sì ní kí ìyá Kuta ṣí ìgò rẹ̀, kí gbogbo ayé lè rí i pé gìrì ni. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀, wọn yóò sì tún gbé ìkòkò kaná. Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ lórí ìdúró.

"Màmá, mo kúnlẹ̀."

"Kúnlẹ̀ síbo?"

"Síbi tí mo wà. Sílẹ̀ẹ́lẹ̀."

"Níwájú àwọn òyìnbó?"

"Níwájú wọn."

Mo kúnlẹ̀ lóòótọ́. Okùn fóònù náà kúrú, mo ní láti na ọrùn. Dígí ló yí mi ká, àwọn tó ń fa báàgì wọn kọjá ń yíjú wò mí. Mísíìsì Gíréè dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n fi ẹ̀yìn wọn dí mi.

"Ẹ̀yin kọ́, Màmá. Tíì la pè é, kì í ṣe tíì. Orúkọ yẹn ló tan èmi àti ẹ̀yin. Mo fi ọmú tí ẹ fún mi bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí àgbo wọ ọ̀fun rẹ̀. Ẹ fún un lómi. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí Bàbá mú agolo náà dání kí dókítà rí i."

Mò ń gbọ́ mímí ìyá mi. Mò ń gbọ́ ti ọmọ mi. Ìgbà tí ìyá mi máa sọ̀rọ̀, èmi kọ́ ni wọ́n bá sọ ọ́.

"Ìyá Kuta, ẹ ṣeun o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìgò yín pamọ́ ná."

Ohùn kan dáhùn lọ́ọ̀ọ́kán pé ṣé ẹni tó wà lókè òkun ló máa kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń wo gìrì.

"Orí ìkúnlẹ̀ ló wà," ìyá mi ní. "Ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni."

Ibẹ̀ ni káàdì mi tán sí.

A jókòó lórí bẹ́ǹṣì, à ń dúró de ọkọ̀ mìíràn. Mísíìsì Gíréè bi mí ìdí tí mo fi kúnlẹ̀ fún ẹni tí kò rí mi. Mo ní wọ́n gbọ́ ọ. Ohùn ẹni tó kúnlẹ̀ yàtọ̀ sí ohùn ẹni tó dúró, ìyá tó bá bí èèyàn á mọ̀ ọ́n. Wọ́n ronú sí i. Wọn ò ní kí n ṣe kọfí mìíràn. Wọ́n fa ọwọ́ mi tó bó wá sí ìtòsí ojú wọn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n da omi tútù inú ìgò wọn lé e lórí títí tó fi tán. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé èèyàn lè fara mọ́ni láìgbà kí a pe òun ní Màmá.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Bímpé tó pè. Dókítà gbé agolo náà sí imú, ó bú sẹ́rìn-ín, ló bá tún rántí ọjọ́ orí ọmọ náà, ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n sì ń ṣọ́ àyà rẹ̀. Nígbà tó yá, ó sùn, ó sùn débi pé ìyá mi ń gbé ọwọ́ sí ihò imú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń mí. Ó jí, ó béèrè ẹ̀kọ.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíṣìnnì ilé onílé, lọ́dọ̀ àbúrò Mísíìsì Gíréè. Àwa tí a fi ọmọ sílẹ̀, ẹrù la fi ń tọ́ ọmọ. À ń ra bàtà tí a fi ojú inú wọ̀n, bó bá dé ọ̀hún, kò gbẹ́sẹ̀. Mo rò pé ìfẹ́ ni mo dì sínú páálí. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó bá tú u ni yóò sọ ohun tó jẹ́.

Ìyá mi bínú sí mi fún ìgbà díẹ̀. Bí mo bá pè, bàbá mi ni wọ́n máa gbé fóònù fún. Ó wá di ọjọ́ kan wọ́n gbà á, wọ́n ní kí n sọ orúkọ nǹkan yẹn gan-an. Mo ní kọfí. Wọ́n pè é wò lẹ́nu. Wọ́n ní ó dáa, kò gbọdọ̀ wọ ilé àwọn mọ́, bàbá mi sì ti ń fi ife alásẹ́ náà bu omi ìwẹ̀.

Ọjọ́ yẹn náà ni Ìbùkún sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé fóònù sí i létí, mo ti ń múra láti gbọ́ mímí rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ sunkún?"

Mo ní kí ló dé tó fi béèrè bẹ́ẹ̀. Ó ní Màmá Àgbà sọ pé bí òun ò bá mu tíì náà tán, ìyá òun yóò máa sunkún lókè òkun. Ó korò. Ó korò gan-an. Ó fẹ́ tu ú, ó sì ń gbé e mì kí n má baà sunkún.

Mo fa fóònù mọ́ ẹnu.

"Ìbùkún, gbọ́. Ohun tó bá korò lẹ́nu rẹ, tu ú dànù. Kódà bí wọ́n bá ní èmi ni mo fi ránṣẹ́."

"Màmá Àgbà máa bínú."

"Jẹ́ kí wọ́n bínú. Wọ́n á rọ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní sunkún?"

"Mo lè sunkún," mo ní. "Ṣùgbọ́n ẹkún mi ni. Ìwọ kọ́ lo máa mu ún."